Rumun Ndur, Adẹ́yìnmú Tí Wọ́n Bí ní Zaria

Ẹni tó bá ń wá ìtàn àwọn ọmọ Nàìjíríà nínú họ́kì orí yìnyín yóò kọ́kọ́ ko ọ̀rọ̀ tó ń ta kora. Àwọn kan ní Jarome Iginla ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó dé NHL, ìyẹn líìgì tó ga jù lọ nínú eré náà ní Kánádà àti Amẹ́ríkà. Àwọn mìíràn gbé ipò yẹn fún Akim Aliu. Àwọn tó rántí Rumun Ndur kì í sọ ju gbólóhùn kan nípa rẹ̀ lọ: ibi tí wọ́n ti bí i, pé ó máa ń jà, ó parí. Ohun tó fà á ni pé àkọsílẹ̀ nípa rẹ̀ fọ́n káàkiri. Díẹ̀ wà ní Buffalo, díẹ̀ ní Rochester, díẹ̀ ní New York àti Atlanta, ìyókù wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. A kó wọn jọ síhìn-ín kí òǹkàwé lè rí bí adẹ́yìnmú tí kì í ṣe gbajúmọ̀ ṣe ń fi họ́kì jẹun, kí a sì mọ ẹni tí ipò àkọ́kọ́ yẹn tọ́ sí ní tòótọ́.

Ọjọ́ 7 oṣù Keje ọdún 1975 ni wọ́n bí Ndur ní Zaria. Yìnyín tí wọ́n mọ̀ níbẹ̀ ni èyí tó máa ń bá òjò bọ́. Ìpínlẹ̀ Ontario ní Kánádà ni Ndur ti di agbáhọ́kì. Àwọn kan máa ń sọ pé kí a má kà á mọ́ ọmọ Nàìjíríà nítorí pé Kánádà ló ti kọ́ṣẹ́. Ọ̀rọ̀ yẹn kò tó ohun tí à ń fi àkókò ṣòfò lé lórí. Ìwé NHL fúnra rẹ̀ kọ Zaria sí iwájú orúkọ rẹ̀, ó sì tó bẹ́ẹ̀.

Ó wọ ẹgbẹ́ Guelph Storm ní sáà 1992–93. Ẹgbẹ́ yìí wà nínú OHL, líìgì àwọn ọ̀dọ́ Ontario níbi tí àwọn ẹgbẹ́ ńlá ti máa ń wá ẹni tí wọn yóò mú. Sáà mẹ́ta ló lò níbẹ̀. Ní èyí tó kẹ́yìn, 1994–95, akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn ni Craig Hartsburg, ẹni tó fi ọ̀pọ̀ ọdún gbá ẹ̀yìn fún Minnesota North Stars kó tó fi eré sílẹ̀. Guelph dé àṣekágbá líìgì ní ọdún náà, àmọ́ Detroit Junior Red Wings ló gba ife mọ́ wọn lọ́wọ́. Bí sáà yẹn ṣe parí ni Chicago Blackhawks wá mú Hartsburg lọ láti máa kọ́ wọn ní NHL. Fún ọ̀dọ́ tó ń kọ́ bí a ṣe ń ṣọ́ ẹ̀yìn, kí ó rí irú ẹni bẹ́ẹ̀ kọ́ ọ fún odidi sáà kan kì í ṣe nǹkan kékeré.

Kí sáà yẹn tó bẹ̀rẹ̀ rárá ni Buffalo Sabres ti yan Ndur. Ètò yíyan àwọn ọ̀dọ́ fún ọdún 1994 wáyé ní Hartford ní oṣù Kẹfà. Ẹni 286 ni wọ́n yàn, adẹ́yìnmú sì ni àwọn méjì tí wọ́n kọ́kọ́ dárúkọ: Florida mú Ed Jovanovski, Anaheim mú Oleg Tverdovsky. Ndur ni ẹni 69, ní ìpele kẹta. Ní Buffalo nígbà náà, John Muckler ni ọ̀gá àgbà, òun náà ló tún ń kọ́ ẹgbẹ́. Kí òǹkàwé fi orúkọ Muckler sọ́kàn, nítorí pé yóò tún yọjú. Kí ó sì fi nọ́ńbà 69 sọ́kàn pẹ̀lú. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n máa ń yàn lẹ́yìn ìpele àkọ́kọ́ kì í gbá ìdíje NHL kankan títí wọn yóò fi fi eré sílẹ̀.

Kí a tó tẹ̀ síwájú, ó yẹ kí iṣẹ́ adẹ́yìnmú yé wa, nítorí pé àwọn tó kọ̀wé nípa Ndur kò bìkítà láti ṣàlàyé rẹ̀, ibẹ̀ sì ni wọ́n ti ṣì í lóye.

Pápá họ́kì NHL gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 200, ó fẹ̀ ní 85. Ènìyàn mẹ́fà ló máa ń wà lórí yìnyín fún ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan: aṣọ́lé kan, adẹ́yìnmú méjì, ará iwájú mẹ́ta. Ẹgbẹ́ máa ń mú adẹ́yìnmú mẹ́fà wá sí ìdíje kan, wọn a pín wọn sí méjì-méjì. Àwọn méjì tó ga jù lè lo ìṣẹ́jú 25 nínú 60 lórí yìnyín. Àwọn méjì tó kẹ́yìn lè má rí ju 10 tàbí 12 lọ, ẹni keje á sì wọ kóòtù jókòó sókè lọ́dọ̀ àwọn akọ̀ròyìn, kò ní wọ bàtà onírin rárá. Ndur wà láàárín ẹni karùn-ún sí ẹni keje yìí ní gbogbo ọjọ́ tó lò ní NHL.

Iṣẹ́ àwọn tó wà ní ìsàlẹ̀ yìí le ju bó ṣe máa ń hàn lójú olùwòran. Tí alátakò bá ju puck, rọ́bà pẹlẹbẹ tí wọ́n ń gbá, sí kọ̀rọ̀ pápá, adẹ́yìnmú ló gbọ́dọ̀ yí ẹ̀yìn sí wọn láti lọ mú un, ó sì mọ̀ pé ẹni tó wúwo bíi tòun ń sáré bọ̀ láti fi ara gbún òun mọ́ pátákó. Òun ló gbọ́dọ̀ lé àwọn alátakò kúrò níwájú aṣọ́lé kí aṣọ́lé lè ríran. Òun ló gbọ́dọ̀ fi ẹsẹ̀, àyà tàbí ọwọ́ dí ọ̀nà fún puck tó ń bọ̀ fìì. Nígbà tó bá ṣe gbogbo èyí dáadáa, kò sẹ́ni tó máa dárúkọ rẹ̀. Tó bá ṣe àṣìṣe kan péré, góòlù wọlé, gbogbo ayé á sì rí nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Nítorí náà, kíka góòlù tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ jẹ láti fi wọn iṣẹ́ rẹ̀ kò bójú mu.

Ní 1995, Ndur lọ sí Rochester Americans, ẹgbẹ́ tí Buffalo fi ń tọ́ àwọn ọ̀dọ́ rẹ̀ nínú AHL, líìgì tó tẹ̀ lé NHL ní gíga. Láàárín ìlú méjèèjì, ìrìn ọkọ̀ wákàtí kan àti díẹ̀ ni. Ìyẹn ni pé wọ́n lè pe adẹ́yìnmú láàárọ̀ ní Rochester kí ó gbá ní Buffalo lálẹ́ ọjọ́ kan náà, wọ́n sì lè dá a padà kí ilẹ̀ kejì tó ṣú. Nínú AHL, bọ́ọ̀sì ni wọ́n máa ń wọ̀ lọ sí ọ̀pọ̀ ìdíje, wọ́n sì lè gbá ìdíje mẹ́ta ní òru mẹ́ta tó tẹ̀ léra ní òpin ọ̀sẹ̀. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ Ndur wà ní tòótọ́ fún sáà mẹ́ta gbáko, ibẹ̀ sì ni àwọn òǹkọ̀wé máa ń fò kọjá.

Wọn kò gbọ́dọ̀ fò ó. Sáà àkọ́kọ́ rẹ̀ níbẹ̀, 1995–96, wà lára àwọn tó dára jù nínú ìtàn Rochester. Akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn ni John Tortorella, ẹni tó padà gba ife Stanley pẹ̀lú Tampa Bay ní 2004. Wọ́n dé àṣekágbá, wọ́n ko Portland Pirates, ó sì di ìdíje keje kí wọ́n tó mọ ẹni tó borí. Rochester ló gba ife Calder, ẹ̀kẹfà irú rẹ̀ látìgbà tí wọ́n ti dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ ní 1956. Ndur wà lára ẹgbẹ́ yẹn, ó sì jẹ́ ẹni 20 ọdún. Tí a bá wá ẹ̀rí pé akọ́nimọ̀ọ́gbá tó le bíi Tortorella gbà pé ọ̀dọ́ yìí wúlò fún nǹkan mìíràn yàtọ̀ sí ìjà, èyí ni ẹ̀rí náà. Kò sí akọ́nimọ̀ọ́gbá tó ń lépa ife tó máa fi àyè adẹ́yìnmú ṣòfò.

Kí ló dé tí Buffalo kò wá fún un ní àyè? Ẹ wo àwọn tó wà níwájú rẹ̀. Alexei Zhitnik wà níbẹ̀, Richard Smehlik wà níbẹ̀, Jay McKee tó kéré sí i lọ́jọ́ orí náà sì ń gòkè bọ̀. Dominik Hasek ló ń ṣọ́ ilé, òun ni wọ́n sì fún ní àmì ẹ̀yẹ ẹni tó wúlò jù lọ ní NHL ní 1997 àti 1998. Ẹgbẹ́ tó ń ṣe dáadáa kì í fẹ́ fọwọ́ kan ẹ̀yìn rẹ̀. Ní sáà 1996–97, ìdíje méjì ni Ndur gbá fún Buffalo. Ní 1997–98, ẹyọ kan. Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kò jẹ góòlù, ìṣẹ́jú ìjìyà rẹ̀ sì jẹ́ 4 péré.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ẹni àkọ́kọ́ ti wọlé, ó sì tọ́ kí a yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, nítorí pé òun ni àṣìṣe ti pọ̀ jù.

Jarome Iginla ni ọmọ Adékúnlé Iginla, Yorùbá tó lọ sí Kánádà tó sì ń jẹ́ Elvis níbẹ̀. Ìyá rẹ̀, Susan Schuchard, jẹ́ ará Amẹ́ríkà láti Oregon. Ìlú Edmonton ni wọ́n bí Jarome sí ní ọjọ́ 1 oṣù Keje ọdún 1977, Adékúnlé sì wà lára àwọn orúkọ gígùn tí wọ́n sọ ọ́. Dallas Stars yàn án ní ipò 11 ní 1995, wọ́n sì fi í ṣe pàṣípààrọ̀ fún Calgary Flames ní oṣù Kejìlá ọdún náà kí wọ́n lè rí Joe Nieuwendyk gbà. Ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹrin ọdún 1996, Calgary fi í sínú ìdíje tí wọ́n ń gbá lẹ́yìn sáà pẹ̀lú Chicago. Ọmọ ọdún 18 ni. Ìdíje méjì ló gbá, ó jẹ góòlù kan, ó sì pa pásì góòlù kan.

Nígbà yẹn, Rochester ni Ndur ṣì wà, ó ń lépa ife Calder. Sáà tó tẹ̀ lé e ló tó tẹ yìnyín NHL. Nítorí náà, tí ìbéèrè bá jẹ́ ta ni ẹni àkọ́kọ́ tí ẹ̀jẹ̀ Nàìjíríà wà lára rẹ̀ tó gbá ní NHL láàárín àwọn méjèèjì, Iginla ni, ó sì fi oṣù díẹ̀ ṣáájú. Tí ìbéèrè bá jẹ́ ta ni ẹni àkọ́kọ́ tí wọ́n bí ní ilẹ̀ Nàìjíríà, Ndur ni, kò sí àríyànjiyàn nínú ìyẹn. Aliu tí àwọn kan ń gbé ipò náà fún kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́jọ nígbà yẹn, ọdún 2012 ló sì tó dé NHL. Àwọn tó kọ́kọ́ kọ ọ́ ní ẹni àkọ́kọ́ kò wo ọjọ́ rárá.

Ohun tí Iginla ṣe lẹ́yìn náà kò nílò kí a tún máa rò ó nílẹ̀ púpọ̀, ìwé ti kún fún un: góòlù 625 nínú ìdíje 1,554, wúrà Òlíńpíìkì ní 2002 àti 2010, pásì tí Sidney Crosby fi jẹ góòlù tó fún Kánádà ní wúrà ní Vancouver. Yorùbá ní ẹ̀tọ́ láti máa fi í yangàn. Ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ló bo Ndur mọ́lẹ̀, àwọn méjèèjì kò sì ṣe iṣẹ́ kan náà.

Sáà 1998–99 ni Ndur gbá jù ní NHL. Ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní Buffalo lábẹ́ Lindy Ruff, ìdíje mẹ́jọ, kò sí góòlù, kò sí pásì góòlù, ìṣẹ́jú ìjìyà 16. Lẹ́yìn náà, wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sórí wáífà. Nínú ètò yìí, tí ẹgbẹ́ bá fẹ́ dá irú agbáhọ́kì báyìí padà sí líìgì kékeré, wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣí orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ fún gbogbo àwọn ẹgbẹ́ yòókù fún àkókò kúkúrú. Ẹgbẹ́ tó bá fẹ́ ẹ lè mú un láìfún ẹnikẹ́ni ní agbáhọ́kì mìíràn ní pàṣípààrọ̀. Ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn kò ní ẹnu nínú rẹ̀. Ó lè sùn ní Buffalo gẹ́gẹ́ bí ẹni tí wọ́n kọ̀, kí ó jí gẹ́gẹ́ bí ará New York, bí alájàpá tí ọjà Ọ̀yán tú mọ́ lórí tó wá kó ẹrù rẹ̀ gba ọjà mìíràn lọ.

New York Rangers ló mú un. Ẹni tó ń kọ́ Rangers nígbà náà ni John Muckler, ọ̀gá tó wà ní Buffalo lọ́jọ́ tí wọ́n yan Ndur ní ipò 69. Nínú iṣẹ́ tí wọ́n ti lè fi wáífà gba ènìyàn láàárín ọjọ́ kan, kí ọ̀gá kan ti mọ̀ ọ́ rí ṣe pàtàkì ju bí àwọn ìwé ṣe ń gbé e lọ. Ìdíje 31 ni Ndur gbá fún Rangers ní sáà yẹn. Ó jẹ góòlù àkọ́kọ́ rẹ̀ ní NHL, ó pa pásì góòlù mẹ́ta, ìṣẹ́jú ìjìyà rẹ̀ sì jẹ́ 46. Iye yẹn súnmọ́ ìdajì gbogbo ìdíje tó gbá ní NHL láyé rẹ̀.

Ẹ tún wo àwọn tí wọ́n jọ wà. Brian Leetch, ọ̀kan lára àwọn adẹ́yìnmú tó mọ eré jù lọ tí Amẹ́ríkà tíì ní, ni balógun wọn. Wayne Gretzky wà níbẹ̀, sáà yẹn sì ni èyí tó kẹ́yìn fún un; ọjọ́ 18 oṣù Kẹrin 1999 ló gbá ìdíje ìdágbére rẹ̀ ní Madison Square Garden. Ní sáà kan náà ni ìfarapa orí léraléra gbé Jeff Beukeboom, adẹ́yìnmú Rangers tó tóbi tó sì le, kúrò nínú eré títí láé. Agbáhọ́kì kan láti Los Angeles ti gbá a lẹ́ṣẹ̀ẹ́ láti ẹ̀yìn ní oṣù Kọkànlá 1998, ó padà wá, ó tún fara gbá ní oṣù Kejì 1999, kò sì gbá mọ́. Iṣẹ́ tí Ndur ń ṣe nìyẹn, ewu tó wà nínú rẹ̀ sì nìyẹn.

Rangers kò wọ ìdíje tí wọ́n ń gbá lẹ́yìn sáà ní ọdún náà. Buffalo tí Ndur kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀ dé àṣekágbá ife Stanley, Dallas sì borí wọn ní oṣù Kẹfà pẹ̀lú góòlù Brett Hull ní àfikún àkókò kẹta.

Ọdún 1999 náà ni NHL ṣí ẹgbẹ́ tuntun kan sílẹ̀, Atlanta Thrashers, ìkejìdínlọ́gbọ̀n nínú líìgì. Líìgì ń gbòòrò nígbà náà: Nashville ti wọlé ní 1998, Columbus àti Minnesota ń bọ̀ ní 2000. Ẹgbẹ́ tuntun kọ̀ọ̀kan nílò adẹ́yìnmú mẹ́fà, méje, mẹ́jọ, wọn kò sì lè rí àwọn tó dára jù. Àwọn ọdún yẹn ló ṣílẹ̀kùn fún ọ̀pọ̀ àwọn tó ti ń wo NHL láti ìta. Ndur wà lára wọn. Atlanta borí nínú ìdíje 14 péré nínú 82 lábẹ́ Curt Fraser. Nínú ẹgbẹ́ tí wọ́n ń lù báyìí, adẹ́yìnmú kì í sinmi. Ndur gbá ìdíje 27, ó jẹ góòlù kan, ó sì lo ìṣẹ́jú 71 nínú àpótí ìjìyà, èyí tó ju ìdajì gbogbo ìṣẹ́jú ìjìyà rẹ̀ ní NHL lọ.

Lẹ́yìn sáà yẹn, kò padà sí NHL mọ́. Àpapọ̀ rẹ̀ nìyí: ìdíje 69, góòlù 2, pásì góòlù 3, ìṣẹ́jú ìjìyà 137. Ẹni tí wọ́n yàn ní ipò 69 gbá ìdíje 69.

Ìṣẹ́jú 137 yẹn ni àwọn òǹkọ̀wé fi ń sọ pé oníjà lásán ni. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ẹ̀ṣẹ̀ kékeré ní NHL jẹ́ ìṣẹ́jú 2, ìjà jẹ́ 5, ìwà àìtọ́ sí rèfírí lè jẹ́ 10. Ìṣẹ́jú 137 láàárín ìdíje 69 kò tó ìṣẹ́jú méjì fún ìdíje kan. Ndur jà, kò sẹ́ni tó sọ pé kò jà, àwọn ẹgbẹ́ sì mọ̀ bẹ́ẹ̀ nígbà tí wọ́n ń mú un. Ní àwọn ọdún 1990, ẹni tó wà ní ipò kẹfà tàbí ìkeje lẹ́yìn gbọ́dọ̀ ní nǹkan kan tí wọn yóò fi rántí rẹ̀, ẹ̀ṣẹ́ sì ni ohun tí wọ́n sábà máa ń béèrè lọ́wọ́ ọkùnrin tó bá ga tó sì sanra bíi tirẹ̀. Àmọ́ aláwọ̀ funfun tó ṣe iṣẹ́ kan náà ní ìdíje 69 ni wọ́n máa ń pè ní adẹ́yìnmú olóòótọ́ tó ń ṣiṣẹ́ kára.

Ìyàtọ̀ yẹn kò bẹ̀rẹ̀ lórí Ndur. Ọjọ́ 18 oṣù Kìíní 1958 ni Willie O'Ree gbá fún Boston Bruins ní Montreal, tó di aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ ní NHL, ó sì fi pa mọ́ fún wọn pé ojú ọ̀tún òun kò ríran. Ó gba ọdún 16 kí wọ́n tó rí ẹlòmíràn, Mike Marson, ní 1974. Nígbà tí Ndur fi dé, Donald Brashear, Georges Laraque àti Peter Worrell ti wà níbẹ̀ tàbí wọ́n ń bọ̀, ẹ̀ṣẹ́ sì ni a fi mọ gbogbo wọn. Ní oṣù Kọkànlá 1997, NHL dá Chris Simon dúró fún ìdíje mẹ́ta nítorí ọ̀rọ̀ ẹlẹ́yàmẹ̀yà tó sọ sí Mike Grier. Afẹ́fẹ́ tí Ndur ń mí nìyẹn.

Ohun tí ìjà yẹn ń ṣe sí orí ènìyàn, ẹ̀yìn ìgbà tí Ndur kúrò ló tó hàn. Bob Probert kú ní 2010, Derek Boogaard kú ní 2011 ní ọmọ ọdún 28, àwọn onímọ̀ Yunifásítì Boston sì rí àrùn ọpọlọ tí gbígbá lórí léraléra ń fà nínú ọpọlọ àwọn méjèèjì. Iye ìjà ní NHL ti lọ sílẹ̀ púpọ̀ láti ìgbà náà.

Ndur gbá ní àwọn líìgì kékeré ní Amẹ́ríkà fún ìgbà díẹ̀, ó sì sọdá òkun. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó gbá fún Nottingham Panthers àti Coventry Blaze nínú Elite League tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2003. Òpin ọ̀sẹ̀ ni wọ́n máa ń gbá ọ̀pọ̀ ìdíje níbẹ̀, adẹ́yìnmú tó bá sì ti NHL wá máa ń rí ìṣẹ́jú púpọ̀ lórí yìnyín ju bó ṣe rí lọ ní Amẹ́ríkà.

Akim Aliu ni ẹni kejì tí wọ́n bí ní Nàìjíríà tó dé NHL, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ sì pọ̀ nínú ìwé. Òkènè ni wọ́n bí i sí ní 1989, bàbá rẹ̀ ọmọ Nàìjíríà, ìyá rẹ̀ ọmọ Ukraine. Kyiv ló gbé ní kékeré, ó sì pé ọmọ ọdún méje kí wọ́n tó kó lọ sí Toronto. Iwájú ló sábà máa ń gbá, ṣùgbọ́n àwọn akọ́nimọ̀ọ́gbá kan máa ń gbé e sẹ́yìn. Ní 2005, ó wà ní Windsor Spitfires nínú OHL, ó kọ̀ láti kópa nínú àṣà ìtìjú tí wọ́n ń fi àwọn ọmọ tuntun ṣe, ẹni tí wọ́n jọ wà nínú ẹgbẹ́ kan náà sì fi ọ̀pá lù ú lẹ́nu, eyín rẹ̀ yọ. Chicago Blackhawks yàn án ní ipò 56 ní 2007. Ní oṣù Kẹfà 2010, wọ́n fi í kún pàṣípààrọ̀ ńlá tó gbé Dustin Byfuglien lọ sí Atlanta, ẹgbẹ́ tí Ndur ti kúrò ní ọdún mẹ́wàá ṣáájú. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n kó Thrashers lọ sí Winnipeg, Winnipeg sì fi Aliu fún Calgary ní oṣù Kìíní 2012.

Calgary ló fún un ní àyè. Ní oṣù Kẹrin 2012, ó gbá ìdíje méjì tó kẹ́yìn sáà náà, ó pa pásì góòlù ní èkíní, ó sì jẹ góòlù méjì sí Anaheim ní èkejì. Ní sáà tó tẹ̀ lé e, wọ́n fún un ní ìdíje márùn-ún. Méje péré ni gbogbo rẹ̀. Ẹgbẹ́ tó gbá fún láyé rẹ̀ lé ní 20, ní Amẹ́ríkà, Kánádà, Ọ́sítríà, Rọ́ṣíà àti ilẹ̀ Czech.

Ní ọjọ́ 25 oṣù Kọkànlá 2019, Aliu kọ ọ́ síta pé akọ́nimọ̀ọ́gbá òun ní Rockford ní sáà 2009–10, Bill Peters, fi ọ̀rọ̀ ẹlẹ́yàmẹ̀yà bú òun nítorí orin tí òun ń gbọ́. Peters ni ó ń kọ́ Calgary Flames lọ́jọ́ yẹn. Ó jẹ́wọ́ pé òun sọ ọ́, ó sì fi iṣẹ́ sílẹ̀ ní ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn náà. Ní oṣù Kẹfà 2020, Aliu àti Evander Kane ṣáájú àwọn agbáhọ́kì mìíràn tí kì í ṣe aláwọ̀ funfun láti dá Hockey Diversity Alliance, ẹgbẹ́ tó ń bá ẹlẹ́yàmẹ̀yà nínú họ́kì jà, sílẹ̀. Adẹ́yìnmú Minnesota, Matt Dumba, ló sọ̀rọ̀ fún wọn ní Edmonton ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹjọ, ó sì kúnlẹ̀ nígbà tí wọ́n ń kọ orin orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Kí ọdún náà tó parí, ẹgbẹ́ wọn àti NHL ti pínyà.

Ní 2023, Scholastic tẹ ìwé aláwòrán tí Aliu fi sọ ìtàn ara rẹ̀ fún àwọn ọmọdé jáde, orúkọ rẹ̀ ni Dreamer. Ní oṣù Kẹfà 2024 ní Las Vegas, Utah yan Tij Iginla, ọmọ Jarome, ní ipò 6. Ará iwájú ni òun náà bíi bàbá rẹ̀.